Dátà mi ò ní ẹnu

Dátà tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tẹ́ẹ máa ń rà sórí fóònù o, iye owó ọjà ni. Odindi ọdún kan ni mo fi ń lọ sọ́jà Kétu ní Benin, mo ń béèrè iye tí wọ́n ń ta gàrí, àgbàdo àti epo pupa, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, tílẹ̀ bá ṣú mo wá ń tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. Mo kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ẹ̀, jọ́nà gbà á, oṣù mẹ́jọ làwọn ọ̀gá méjì fi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá mi jà lórí Faransé mi, wọ́n bá mi jà lórí ibi tí mo fàbọ̀ sí, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí n mú fáìlì yẹn wá.

Ìgbà tó yá mo gbé fáìlì náà fúnra ẹ̀ sórí Zenodo, ìkànnì táwọn olùwádìí ń kó dátà wọn sí, táwọn CERN, iléeṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì nílẹ̀ Yúróòpù, dá sílẹ̀ lọ́dún 2013, ọ̀fẹ́ ni, 50 GB ni wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi ní DOI tiẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ rí lórí ayélujára. Mo ní ah, ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí? Àṣé ohun tó jẹ́ kó yá ni pé kò sẹ́ni tó wo inú ẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ kan kọ ímeèlì sí mi láti Amẹ́ríkà, ó ní báwo ni lítà epo ṣe jẹ́ 1.25 sẹfà lọ́sẹ̀ kan tó wá di 900 lọ́sẹ̀ kejì. 1.250 ni mo tẹ̀! Àmì ìdánudúró kékeré yẹn tí mo fi ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀ ni kọ̀ǹpútà tiẹ̀ kà sí nǹkan míì. Ti náírà tún wá burú jùyẹn lọ, torí Kétu ò jìnnà sí bodè, tó o bá béèrè iye ọjà ìyá á bi ẹ́ pé "Èwo lo fẹ́ san, sẹfà àbí náírà?", bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lèmi náà ṣe kọ ọ́, kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Nígbà tí mò ń kọ àpilẹ̀kọ mo ti ṣẹ́ gbogbo náírà sí sẹfà torí mo rántí, ibi tí ò bá dán mo lè rọra gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Fáìlì ń dá lọ ni, ẹni tó gbé e ò rí mi bi. Àwọn ọjọ́ òjò tí mi ò lọ, òdo ni mo kọ síbẹ̀, lójú ẹni tí ò sí ńbẹ̀ a jẹ́ pé wọ́n ń pín gàrí lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Èyí tó já mi láyà jù ni kọ́lọ́ọ̀mù àkíyèsí. Orúkọ àwọn ìyá wà ńbẹ̀, nọ́ńbà fóònù wà ńbẹ̀, mo tiẹ̀ kọ ọ́ síwájú ẹnì kan pé ọkọ wọn ń ta kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́. Mo fi í pamọ́ nínú Excel, mi ò pa á rẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kan ní Àjàṣẹ́ kàn tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀kan báyìí gbogbo ẹ̀ sì jáde. Wọ́n pè mí lóru: "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá kó ọkọ ọlọ́kọ ni?" Àti 2018 la ti ní òfin Code du numérique ní Benin, APDP sì wà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni. Mo sáré ti fáìlì yẹn pa.

Ohun tí mo fi fẹ́ràn dátà náà ni pé mo lè tún un ṣe fúnra mi, ẹ̀dà tuntun á gba DOI tiẹ̀, tàtijọ́ á ṣì wà ńbẹ̀. Tó bá ṣe àpilẹ̀kọ ni, jọ́nà ni màá máa bẹ̀. Ní ti CAMES, àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wò fún ìgbéga, àpilẹ̀kọ ṣì ni gbogbo wa ń dì sínú dosíè, ẹ má tan ara yín. README, ìwé tó ń ṣàlàyé ohun tó wà nínú fáìlì, ni mo kọ́kọ́ ń kọ báyìí, kí n tó lọ sọ́jà rárá: owó wo, ọjọ́ wo, àyè tó ṣófo túmọ̀ sí kí ni, tòngólò kan, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọjà, jẹ́ kílò mélòó.

Tòngólò yẹn ló mú mi padà lọ sí Kétu tèmi tòṣùwọ̀n. Ìyá onígàrí wò mí, wọ́n ní "O ti di ìjọba?", wọ́n wá bú u, ó ga lórí bí òkè, ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fọwọ́ gé tiẹ̀ pẹrẹsẹ. Mẹ́wàá ni mo wọ̀n lọ́jọ́ yẹn, kò sí méjì tó dọ́gba.