Radahn ti rọ̀ díẹ̀, àríyànjiyàn ò tíì rọ̀

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024

Àtúnṣe 1.14 fún géèmù Elden Ring jáde lánàá, ariwo rẹ̀ sì ni mo jí bá lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Ẹni tó ń dunnú ń dunnú, ẹni tó ń bínú ń bínú. Radahn ni FromSoftware, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, fọwọ́ kàn: òun ni ọ̀gá, ìyẹn ọ̀tá ńlá, tó gbẹ̀yìn nínú àfikún tí wọ́n pè ní Shadow of the Erdtree. Wọ́n yí bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìjà padà, wọ́n dín ọṣẹ́ tí ìkọlù rẹ̀ kan ń ṣe kù, wọ́n dín ibi tí àwọn mìíràn ń nà dé kù, wọ́n sì tún ìmọ́lẹ̀ tó ń tú jáde lára rẹ̀ ṣe kí ojú lè ríran díẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì parí àfikún náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbí, nítorí mi ò ní fi ìparí rẹ̀ pamọ́.

Láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà tó ti jáde ni mo ti ń gbọ́ "ó le jù, ó le jù." Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ sí i ni mo ń rí i pé kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Àròyé bíi mẹ́rin ló wọ aṣọ kan ṣoṣo. Òmíràn tọ́, òmíràn kò tọ́, èyí tó sì dùn mí jù ni pé ariwo náà pọ̀ débi pé ó bo ibi tó dára jù nínú iṣẹ́ yìí mọ́lẹ̀.

Ká kọ́kọ́ sọ ti owó, nítorí àwa níbí kì í fojú kékeré wò ó. Dọ́là 39.99 ni wọ́n ń tà á. Lóṣù Kẹfà, tí dọ́là kan ń lọ bíi 1,500 náírà, ó sún mọ́ 60,000 náírà, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ṣì jẹ́ 30,000 náírà. Ìparí oṣù Keje ni wọ́n tó sọ ọ́ di 70,000. Ẹni tó tu irú owó bẹ́ẹ̀ jọ, tó wá wọlé, tí ọmọ ogun lásán gún pa kó tó mọ apá ọ̀tún sí òsì, kò sí bí mo ṣe lè ní kó má pariwo.

Kì í sì í ṣe pé ọ̀gbẹ̀rì ni àwọn tó ń pariwo. Àfikún yìí kò ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn. O gbọ́dọ̀ ti pa ọ̀gá méjì, Starscourge Radahn (Radahn yìí kan náà, nígbà àkọ́kọ́) àti Mohg, nínú géèmù àkọ́kọ́ tó jáde lóṣù Kejì ọdún 2022, kó o tó lè fọwọ́ kan apá gbígbẹ tó yọ jáde lára nǹkan rìbìtì bí ẹyin ní ààfin Mohg. Lórí Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ti pa Mohg kò tó ìdajì àwọn tó ra géèmù náà. Ẹni tó bá wọ Ilẹ̀ Òjìji, ilẹ̀ tuntun inú àfikún náà, ti jìyà dáadáa kó tó débẹ̀. Òun ni ìjà náà fi ya gbogbo wa lẹ́nu: àwa tí a ti gbà pé a ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sọ wá di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ padà. Àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ géèmù yìn ín gan-an, àmọ́ èrò àwọn tó rà á lórí Steam pín sí méjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti ta mílíọ̀nù márùn-ún.

Ohun tó fa ọ̀pọ̀ ìbínú yẹn ni Scadutree Fragment, àwọn nǹkan kéékèèké kan tí èèyàn ń ṣà jọ. Àádọ́ta ni wọ́n, wọ́n sì fọ́n wọn káàkiri ilẹ̀ náà: òmíràn wà nídìí àgbélébùú tí Miquella, ọmọ òrìṣà tí a ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀, fi sílẹ̀, òmíràn wà lọ́wọ́ àwọn òjìji tó ru ìkòkò. Tó o bá ti ní wọn lọ́wọ́, wàá jókòó níbi ìsinmi, wàá fi wọ́n gbé ìbùkún rẹ ga, títí dé ipele 20. Ìbùkún yìí ló ń pinnu bí idà rẹ ṣe ń wọlé tó àti bí ara rẹ ṣe ń gba ìyà tó, Ilẹ̀ Òjìji nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ipele 150 tó o gbé wá láti òde kò ní gbà ọ́ tí ìbùkún rẹ bá wà ní òdo.

Àbúrò mi kò ka gbogbo ìyẹn sí. Ó gun ẹṣin Torrent, ó gba ojú ọ̀nà ńlá, ó di ilé olódi Castle Ensis. Rellana, ọ̀gá ibẹ̀, dúró dè é pẹ̀lú idà méjì, ọ̀kan ti iná, ọ̀kan ti idán, ó sì nà án bí ẹni ń na bàrà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ba géèmù yìí jẹ́."

Mo bi í pé ìbùkún rẹ ti dé mélòó.

"Ìbùkún wo?"

Òun nìkan kọ́. Ó pọ̀ débi pé Bandai Namco, ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, fúnra wọn jáde rán àwọn èèyàn létí pé kí wọ́n lọ wá Scadutree Fragment. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, wọ́n tún un ṣe kí ìdajì àkọ́kọ́ nínú àwọn ipele ìbùkún túbọ̀ ní agbára, kí ara lè tètè tu èèyàn. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn àwọn tó ṣe géèmù ni mo wà. Nínú géèmù àkọ́kọ́, tó bá ti kù díẹ̀ kó o parí, ihò àpáta tó o bá rí lẹ́bàá ọ̀nà kò ní nǹkan kan fún ọ mọ́. Idà tó wà níbẹ̀, o ti ní èyí tó dára jù ú. Níbí, gbogbo ẹsẹ̀ tó o bá gbé kúrò lójú ọ̀nà ní èrè. O yà sọ́tùn-ún, o bá ṣọ́ọ̀ṣì tó wó, o padà síwájú ọ̀gá tó lé ọ lánàá, o rí i pé ọwọ́ rẹ ti wúwo sí i. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ mo gbọ́ ohùn ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo mẹ́jọ alẹ́, tí iná máa wà fún wákàtí kan ààbọ̀ péré, tí Elden Ring kò sì ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dá ìjà dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ráyè rìn kiri. Tó bá ní kí wọ́n fi ọ̀nà han òun díẹ̀ sí i, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ti àwọn tó ń gbá a lórí kọ̀ǹpútà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e. Àwòrán ń dá dúró lójijì láàárín ìjà, nínú géèmù tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń pani. Bandai Namco tiẹ̀ jẹ́wọ́ pé ray tracing, ètò ìmọ́lẹ̀ àwòrán tó ń wúwo fún ẹ̀rọ, lè tan ara rẹ̀ fún àwọn tó gbé eré tí wọ́n ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ wọlé. Ẹni tó kú nítorí pé ẹ̀rọ há kò kú nínú ìjà.

Ariwo tó ń bí mi nínú ni ti àwọn tó ń sọ pé ẹni tó bá pe Mimic Tear, ẹ̀mí tó ń ya àwòrán rẹ tó sì ń bá ọ jà, kò tíì borí, ẹni tó bá fi asà bojú kò tíì borí. Ta ló fi wọ́n jẹ́ adájọ́? Hidetaka Miyazaki tó darí géèmù náà sọ fún àwọn oníròyìn lọ́dún yìí pé òun kò fẹ́ máa dín líle rẹ̀ kù torí kí gbogbo ayé lè gbá a, nítorí adùn ìṣẹ́gun ni yóò bá a lọ. Ẹnu rẹ̀ kan náà ló fi sọ pé òun kò mọ géèmù gbá rárá, pé gbogbo ìrànwọ́ tí géèmù bá gbé sílẹ̀ lòun ń lò. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Manchester fi asà Fingerprint àti idà Antspur Rapier pa Radahn ṣáájú àtúnṣe yìí. Wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn asà, wọ́n ń gún un díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ fi ń jẹrà. Àwọn ọmọdé kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ ṣáà wò ó bóyá ó dìde." Wọ́n ti múra iṣẹ́ ọjọ́ kejì kí àwọn yẹn tó dákẹ́.

Radahn gan-an wá ńkọ́? Apá àkọ́kọ́ ìjà yẹn le, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Apá kejì, tí Miquella gùn ún lẹ́yìn, tí irun wúrà náà bo gbogbo ibẹ̀, ohun mìíràn ni. Idà kan bá wálẹ̀, ọ̀wọ́ ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Kí ìmọ́lẹ̀ yẹn tó ṣá, idà kejì ti dé, o ò sì rí apá tó gbé e sókè. Gbogbo ohun tí àwọn géèmù yìí ti kọ́ wa ni pé kí a wo ọwọ́, kí a wo èjìká, kí a mọ ìgbà tí a ó yí gbirigbiri. Tí ojú kò bá rí ọwọ́, ẹ̀kọ́ wo ló kù? Òun ni mo fi gbà pé àtúnṣe àná tọ́, pàápàá ti ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó ti ṣẹ́gun rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní wọ́n ti gba adé lórí àwọn. Mo mọ bó ṣe ń rí lára, nítorí èmi náà wà lára wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ní 2022, wọ́n dín agbára Radahn ti àkọ́kọ́ náà kù, èèyàn sì ṣì ń sọ̀rọ̀ ìjà yẹn dòní.

Inú àwọn tó fẹ́ràn ìtàn kò dùn rárá, tiwọn kò sì kan líle. Godwyn ni wọ́n ń retí. Ọdún méjì gbáko ni a fi ń kó ẹ̀rí jọ nípa ọmọ ọba tí ọkàn rẹ̀ kú tí ara rẹ̀ kò kú, tí Miquella ń bẹ̀ pé kó kú ikú tòótọ́. A wá dé orí òkè, Radahn ni a bá, ọkàn rẹ̀ nínú òkú Mohg, gẹ́gẹ́ bí ọkọ tí Miquella ti bá ṣe àdéhùn. Mo lóye ìbànújẹ́ wọn. Ó dà bíi pé wọ́n gba ìlérí kan lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣèlérí.

Àmọ́ ìtàn Marika wà nínú àfikún yìí, òun ni mo sọ pé ariwo bò mọ́lẹ̀. Nínú géèmù àkọ́kọ́, òrìṣà tó jìnnà ni, obìnrin tó gbé ayé kalẹ̀ tó sì fọ́ ọ. Níbí, wàá kọ́kọ́ dé Bonny Village, wàá rí àwọn ìkòkò, wàá sì mọ ohun tó wà nínú wọn: àwọn Hornsent, ẹ̀yà oníwo tó ń gbé ilẹ̀ náà, ń gé èèyàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n ń rọ wọ́n sínú ìkòkò pẹ̀lú àwọn ọ̀daràn, àwọn ará ìlú Marika ni wọ́n sì ń lò jù. Abúlé yẹn náà lo ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá, tí wọ́n pè ní O Mother. Gbé e dé ilé olódi Shadow Keep, kí ère Marika kan bẹ́ẹ̀, ọ̀nà á là. Tó o bá tọ ọ̀nà yẹn lọ, wàá dé abúlé tí wọ́n ti kó àwọn ará ibẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀tá. Òdòdó ló kún ibẹ̀, ilé mélòó kan, àti igi wúrà kékeré tí Marika gbìn, pẹ̀lú àdúrà ìwòsàn tó ṣe níbẹ̀ bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí ẹni tó kù láti wò sàn. Nínú kòròfo igi kan tó rí bí obìnrin, irun orí rẹ̀ tó dì tó sì gé wà níbẹ̀, ó fi ta ìyá àgbà lọ́rẹ.

Páàdì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tẹ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ogun tí Messmer ọmọ rẹ̀ fi iná jà ní ilẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ló ti wá. Mi ò dá a láre fún un, géèmù náà kò sì dá a láre. Àmọ́ mo mọ ilé tó ti jáde. Àwọn tó ní apá ibì kan nínú máàpù ṣófo kò parọ́. Igbó Abyssal Woods tóbi ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ, etíkun Cerulean náà bẹ́ẹ̀. Abúlé yìí ṣófo pẹ̀lú, àmọ́ òfo rẹ̀ nìtàn náà.

Àbúrò mi ti dé ẹnu ọ̀nà Radahn báyìí, ó sì fẹ́ wọlé lálẹ́ òní, nígbà tí àtúnṣe ti dé. Mo bi í bóyá ó ti dé abúlé Marika. Kò mọ ibi tí mò ń sọ. Mo ní kó má tíì wọlé, kó kọ́kọ́ padà lọ gbé irun wúrà yẹn; tó bá fi í sára, yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ mímọ́ tí Radahn fi ń pani ní apá kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dín in kù. Mi ò nílò irun ẹnì kankan."

Mo ní kò burú, kó má fi í sára. Kó ṣáà lọ wo ibẹ̀.