Kí ẹ tó ra ayùn oníná, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n irin

Iṣẹ́ tísà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, abẹ́ páànù tí mo nà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Àpáta, n'Íbàdàn, ni ẹ ó ti bá mi nídìí tábìlì iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kan bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ àti ṣẹ́ẹ̀fù ìwé tó wà ní pálọ̀. Àwọn tó ń bi mí pé kí ni kí àwọn kọ́kọ́ rà ti wá pọ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí.

Irinṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi owó gidi rà ni mo kọ́kọ́ pàdánù. Ayùn oníná tòkunbọ̀ kan ni. Ọjà ni mo ti rí i, ó mọ́, ó wuyì, mo ná an, mo sanwó. Nígbà tí iná dé lálẹ́, mo ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó han gooro, èéfín yọ, ó dákẹ́. Gbangba ni wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀: 120V, 60Hz. Iná Amẹ́ríkà nìyẹn. Tiwa tó 230 sí 240, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. N ò kà á. Látìgbà náà, mi ò jẹ́ bèèrè iye irinṣẹ́ oníná kankan láì tíì ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Bàbá káfíńtà kan ládùúgbò wa ló bá mi kẹ́dùn. Ó ní, "Tísà, ṣé o ti mọ ayùn ọwọ́ lò ni?" Mo ní, "Rárá, Bàbá." Ó ní, "Lọ ra ayùn ọwọ́ kan, ìfági kan, ṣísẹ́lì méjì, òòlù àti sukúwíà tí a fi ń wo bóyá igun gún. Ìgbà tí o bá mọ̀ wọ́n pọ́n, wá ká sọ̀rọ̀ iná."

Bí ẹ bá ń ra ayùn, ẹ wo ṣóńṣó eyín rẹ̀. Èyí tó dúdú bí aró níbẹ̀, iná ni wọ́n fi mú un le. Ó máa ń mú pẹ́, ṣùgbọ́n bó bá kújú, fáìlì ò ní ràn án, ó di kí ẹ ra òmíràn. Èyí tí eyín rẹ̀ funfun látòkè délẹ̀ ni fáìlì onígun mẹ́ta lè pọ́n, èmi sì fẹ́ràn ìyẹn jù. Ní ti ìfági, tòkunbọ̀ Stanley tàbí Record àtijọ́ dára gan-an. Ẹ yí i dojú dé, kí ẹ wò ó bóyá ó sán níbi ẹnu, ìyẹn ojú ihò tí irin rẹ̀ ti ń yọ. Èyí tó bá ti sán, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ìpẹtà tó wà lójú lásán kò yẹ kó dẹ́rù bà yín.

Pípọ́n gan-an lọ̀rọ̀. Mi ò ní òkúta ìpọ́n nígbà yẹn. Gíláàsì wíńdò lúfà àtijọ́ kan ni mo tẹ́ sórí pákó tó gún, mo da omi díẹ̀ sí i, mo lẹ sánpépà dúdú tó ṣeé fi omi lò mọ́ ọn: nọ́ńbà 220, lẹ́yìn náà 400, lẹ́yìn náà 1000; bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ló ń kúnná sí i. Ẹ̀yìn irin ìfági ni ẹ ó kọ́kọ́ fi lé e, títí ibi tó sún mọ́ ẹnu á fi dán bákan náà. Ẹ wá yí i, ẹ gbé e sókè ní ìwọ̀n dígírì 30, kí ọwọ́ yín dúró sójú kan, kí ẹ máa fà á. Ẹ má mì ín. Mímì yẹn ló ń sọ ẹnu irin di róbótó. Bí ẹ bá fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀ lọ síta ẹnu, tí nǹkan tín-ínrín kan ń kọ́ yín lọ́wọ́ láti igun kan dé èkejì, ó ti tó. Ẹ bọ́ sórí sánpépà tó kúnná jù ú lọ. Bẹ́líìtì awọ àtijọ́ ni mo fi ń parí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ṣe, mo fá pákó arère, èérún tó jáde fẹ́lẹ́ débi pé mò ń rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi lábẹ́ rẹ̀. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, irin kan náà ya eyín. Ìrókò tí mo rà ní ọjà pákó Bódìjà ni mò ń fá. Òkúta máa ń wà nínú ìrókò nígbà mìíràn, funfun, ó le, inú igi ni ó ti ń dì. Ní báyìí, mo máa ń fi ojú àti ọwọ́ wá a kí n tó fá, mo sì ń fi aṣọ bo imú, torí èérún ìrókò ń yúnni lára, ó ń dà ni láàmú nímú.

Nígbà òjò, òróró ẹ̀pà tí mo kọ́kọ́ fi pa irin kó má bàa dípẹtà gan mọ́ ọn bí àtè. Epo maṣíìnì ìránṣọ ni kí ẹ lò, ìwọ̀nba díẹ̀, kí ẹ sì nù ún kúrò kí ẹ tó fi kan igi. Àbẹ́là tí a fi pa ìsàlẹ̀ ìfági ń jẹ́ kó yọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́.

Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ mi òòlù yín wò, bóyá orí rẹ̀ ti ń mì lára èèkù, kí ẹ tó gbé e sókè. Ọ̀pọ̀ ń rì í sómi kí èèkù lè wú. Bó bá gbẹ, orí òòlù á tún máa mì. Èèkù yẹn ni kí ẹ là díẹ̀ lórí, kí ẹ gbá igi líle kan sáàárín rẹ̀.