Ẹ má dúró de họlidé kí ẹ tó lọ wo igi larch

Ẹ̀yin ará wa ní Calgary, ẹ tètè gbọ́ eléyìí kí ẹnì kan tó kó yín lọ wo igi ìhòòhò. Ewé larch máa ń di àwọ̀ ìyeyè kó tó já bọ́, òun là ń gun òkè lọ wò. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tí a jọ ń lọ ló fi ìrìn Larch Valley, àfonífojì tí igi yìí pọ̀ sí, sí họlidé Thanksgiving, nínú oṣù kẹwàá, torí ìgbà náà ni gbogbo wọn ráyè. Mo ní ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ewé ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ."

Ó sá lọ. Láti etí adágún Moraine Lake la ti gùn ún, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ láàárín igi dúdú, àyà ń lù kì-kì-kì, mo sì ń rò ó pé bí a bá ti yọ sókè báyìí, àwọ̀ ìyeyè á kún ojú wa. A yọ. Igi kan ò ní ewé lára. Gbogbo wọn dúró bẹ́ẹ̀, aláwọ̀ eérú. Ewé tín-ín-rín wọn ló tú ká sórí yìnyín bí ìgbà tí èèyàn da gàrí elépo nù. Àǹtí kan bẹ̀rẹ̀, ó fi ìbọ̀wọ́ ṣa díẹ̀, ó nà án sí mi: "Ṣé èyí náà la gun òkè tìtorí ẹ̀?" Kí ni kí n wí? Ẹni tó mú ọjọ́ wá ń ya fọ́tò òkè, ó ní òkè ṣáà wà níbẹ̀. Òkè wà níbẹ̀ lóṣù keje náà! Títí a fi sọ̀ kalẹ̀, n ò bá a sọ̀rọ̀. (Ẹ má pè é ní ìbínú, orúnkún ló ń dùn mí.)

Igi yìí jọ páìnì, àmọ́ kì í gbé ewé wọ ìgbà òtútù. Èyí tó wà lókè gíga níbẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní bí ìdajì oṣù kẹsàn-án, ìparí oṣù náà ló sì máa ń dáa jù. Tó bá ti pọ́n tán, ewé ò dì mọ́ ẹ̀ka dáadáa mọ́. Ìjì alẹ́ ọjọ́ kan ti tó. Nítorí náà, ẹ má dúró kó pọ́n tán. Tí ẹ bá ti rí fọ́tò tí àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé ṣì jọ wà lórí igi kan náà, ẹ dìde. Ewé ò mọ họlidé.

Láti 2023, ọkọ̀ ara ẹni ò gba ọ̀nà Moraine Lake mọ́. Bọ́ọ̀sì Parks Canada, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà náà, ni kí ẹ wọ̀. Púpọ̀ nínú àyè ìjókòó rẹ̀ ni wọ́n ń ṣí sílẹ̀ kí èèyàn gbà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tó bá ku ọjọ́ méjì kí ẹ lọ. Ìyẹn gan-an ló dáa: ẹ ti mọ̀ nígbà náà bóyá ìjì ń bọ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti pàṣẹ kí èèyàn mẹ́rin, ó kéré tán, máa rìn pọ̀ nítorí béárì. Mo tún un sọ o, ẹ má dúró de họlidé. Tó bá jẹ́ họlidé nìkan lẹ ráyè, western larch, oríṣi larch mìíràn tó wà nísàlẹ̀ lápá British Columbia, máa ń pẹ́ pọ́n ju tibí lọ, ẹ gba ibẹ̀ lọ.

Lọ́dún yìí mo gbàyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹsàn-án, a lọ, ó pọ́n rúsúrúsú, a ya fọ́tò títí fóònù fi kú. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kì í fúnni láàyè, kó ti máa bẹ̀ ẹ́ láti oṣù kẹjọ.