Ọdún kan lórí sáfà ímeèlì tèmi

Oṣù Ṣẹẹrẹ ni mo kó ímeèlì mi kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀, mo sì gbé e sórí sáfà tí mo yá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ètò Postfix ń gba lẹ́tà, ó ń fi ránṣẹ́, ètò Dovecot ń jẹ́ kí n rí i kà. Ọdún ti fẹ́ẹ̀ parí báyìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ohun tí ojú mi rí.

Gbígba lẹ́tà kò le rárá. Sáfà náà tiẹ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ lóru ọjọ́ kan, síbẹ̀ lẹ́tà kankan ò sọnù. Sáfà ẹni tó kọ̀wé, tó bá kànkùn tí kò rí ẹni ṣí i, á tún padà wá, ó sì lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún.

Àfi fífi ránṣẹ́! Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi kan, sáfà tiwọn dáhùn pé 250, ìyẹn ni pé ó ti gbà á. Ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀gbọ́n ò fọhùn. Inú ti ń bí mi kí n tó gbọ́ pé inú spam, àpótí tí wọ́n ń da lẹ́tà ìyọnu sí, ni lẹ́tà náà sùn sí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé 550, ìyẹn ni pé wọn ò gbà á, sàn jù: ẹni tó lé ọ lójú kò tàn ọ́.

Bí mo ṣe dojú kọ SPF (àkọsílẹ̀ àwọn sáfà tó lè fi orúkọ mi kọ̀wé), DKIM (òǹtẹ̀ lórí lẹ́tà) àti DMARC (ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe sí lẹ́tà tí kò bá yege) nìyẹn. Láti oṣù Èrèlé 2024, Google àti Yahoo ò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ̀wé sí wọn láìní SPF tàbí DKIM; lọ́dọ̀ Google, ẹni tó ń fi lẹ́tà 5,000 ránṣẹ́ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi tí n kì í kọ márùn-ún lóòjọ́ náà ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n má bàa fura sí mi. Kọ́kọ́rọ́ DKIM mi, tí wọ́n fi ń yẹ òǹtẹ̀ náà wò, gùn ju àmì 255 tí okùn TXT kan (ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sínú àkọsílẹ̀ DNS orúkọ ìkànnì) lè gbà lọ, ni mo bá gé e sí méjì. Ojú ibi tí mo ti gé e, ẹyọ álífábẹ́ẹ̀tì kan já bọ́. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi wá a.

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹnì kan tí àdírẹ́sì IP rẹ̀ (nọ́ńbà sáfà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) sún mọ́ tèmi ń da spam síta, àwọn tó ń ṣọ́ spam bá kọ gbogbo àdúgbò náà sínú ìwé àwọn ọ̀daràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó yọ mí.

Ti ìwé ẹ̀rí Let's Encrypt, tó ń fi hàn fún fóònù mi pé sáfà mi gan-an ni, kéré: ó tún ara rẹ̀ ṣe kí 90 ọjọ́ tó pé, ṣùgbọ́n mi ò tún Dovecot tàn, ògbólógbòó ló ṣì dì mú, fóònù mi kọ̀ ọ́.

Mo ti sanwó ọdún tó ń bọ̀ ṣá o. Láàárọ̀ yìí mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n yẹn, mo sì pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní ó ti dé. Mo ní, "Inú àpótí wo?"