Ọwọ́ tí màmá yẹn kò bọ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà Nagasaki

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo lọ gbọ́ Mísà ní Nagasaki, ní ilẹ̀ Jàpáàn, tibàtà-tibàtà ni mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó jágbe mọ́ mi. Bàbá kan gbé sálúbàtà síwájú mi, ó tẹrí ba, ó sì nawọ́ sí ibi tí wọ́n to bàtà gbogbo ìjọ sí lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Fadá ní ká fún ara wa ní àlàáfíà, mo na ọwọ́ sí màmá arúgbó tó jókòó tì mí. Màmá pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó tẹrí ba, ó kọjú síwájú. Ọwọ́ mi ṣófo. Mo ní torí àwọ̀ mi ni. Inú bí mi délé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, mo ní ẹ̀sìn àwọn ará ibí tutù jù: kò sílù, kò sátẹ́wọ́, wọn kì í kí èèyàn.

Èmi ni mo ṣì wọ́n gbọ́. Àlàáfíà náà ni màmá fún mi yẹn, bí wọ́n ṣe ń fún ara wọn nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá kàwé tàbí wá ṣiṣẹ́ ní Jàpáàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìdákẹ́jẹ́ wọn ti wá.

Fadá Francis Xavier ló mú ẹ̀sìn yìí gúnlẹ̀ sí Kagoshima ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, 1549. Dainichi, orúkọ Búdà kan, ló kọ́kọ́ fi pe Ọlọ́run. Àwọn èèyàn wá rò pé ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà kan ló gbé dé, ló bá yí i padà sí Deusu, ìyẹn Deus, Ọlọ́run lédè Látìn. Ẹ̀sìn náà gbilẹ̀, inúnibíni sì dé. Ní 1597, wọ́n kan onígbàgbọ́ 26 mọ́ àgbélébùú lórí òkè Nishizaka ní Nagasaki. Ní 1614, ìjọba fòfin de ẹ̀sìn náà jákèjádò ilẹ̀ wọn. Wọn a tẹ́ àwòrán Jésù tàbí ti Màríà sílẹ̀, wọn a ní kí o fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti fi hàn pé o kì í ṣe onígbàgbọ́. Fadá tó kù gbẹ̀yìn kú ní 1644.

Ìyẹn ni pé ó lé ní 200 ọdún tí wọn kò ní Fadá. Àwọn ará ilé ló ń ṣe é: mizukata ló ń ṣèrìbọmi, chōkata ló ń ka ọjọ́ kí ọdún Àjíǹde má baà sọnù. Bàbá ń kọ́ ọmọ ní àdúrà láìkọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n sì ń gbà á, kí aládùúgbò má baà gbọ́.

Mo rí ère kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Tánganran funfun ni, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ: obìnrin tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ wálẹ̀, kò sí àgbélébùú kankan lára rẹ̀. Kannon ni, aláàánú tí ẹlẹ́sìn Búdà ń ké pè. Ọlọ́pàá tó bá wọlé, Kannon ló rí. Onílé ń rí Màríà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́, mo sì rántí ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, 1865, àwọn ará Urakami, abúlé kan nítòsí Nagasaki, tí wọ́n ti ń fi ẹ̀sìn náà pamọ́, yọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Oura ní Nagasaki. Obìnrin kan sọ fún Fadá Petitjean, ọmọ ilẹ̀ Faransé, pé ọkàn àwọn àti tirẹ̀ bákan náà ni, ó sì béèrè ibi tí ère Santa Maria wà. Òfin ṣì wà nílẹ̀ o: wọ́n kó àwọn ará Urakami tó lé ní 3,000 lọ sí ìgbèkùn, àfi ní 1873 tí wọ́n tó dẹwọ́. (Nílé wa náà, kí Fadá Borghero tó dé Èkó ní 1863, Pa Antonio, tó ti ṣẹrú rí, ló ń kó àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé jọ gbàdúrà. A kò jìnnà sí wọn rárá.)

Àwọn kan ní erékùṣù Ikitsuki kò padà sábẹ́ Róòmù. Ohun tí bàbá wọn fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n dì mú. Ẹ má yára pè wọ́n ní aṣìnà. Bí ẹ bá rí Àgùdà Jàpáàn tó ń fín tùràrí níwájú àwòrán òkú rẹ̀, ẹ má pè é ní abọ̀rìṣà: àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn ti fún wọn ní ìtọ́sọ́nà lórí rẹ̀ láti 1985. Nínú oṣù Kọkànlá, tí wọ́n bá ń ṣọdún Shichi-Go-San fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, márùn-ún àti méje, ọ̀pọ̀ Fadá ń súre fún wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tàwọn ti kimono, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, lọ́rùn.

Mo padà lọ jókòó ti màmá yẹn. Mo pa ọwọ́ pọ̀, mo tẹrí ba. Ó tẹrí ba ju tèmi lọ. Lẹ́yìn Mísà ó ní báwo la ṣe ń kí Màríà lédè mi. Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo dé “oore-ọ̀fẹ́”, mo ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú èdè wọn díẹ̀ tí mo gbọ́. Màmá náà mi orí, ó ní àwọn àgbà òun kò pè é bí wọ́n ṣe ń pè é lónìí. Ó sún mọ́ etí mi, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Garasa.”