Ilẹ̀ Ìṣákọ́lẹ̀ Gba Iṣu, Kò Gba Tíìkì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi tíìkì, igi tí wọ́n ń là ní pákó, sáàárín àgbàdo àti pákí yín, ta ló ni ilẹ̀?

Èmi ń san ìṣákọ́lẹ̀ lápá Ọ̀dẹ̀dá. Bàbá onílẹ̀ fúnra wọn ló ní kí n gbin igi náà, lójú àwọn ọmọ wọn. Bàbá wá kú. Lóṣù tó kọjá, ojú ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì agégi. Kí n tó débẹ̀, tíìkì ti sùn lọ nílẹ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n ti fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára àwọn tó kù. Àkọ́bí bàbá jókòó lórí ìtì igi, ó ń ka owó oní-gẹdú. Ó mà kí mi o! "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣu yín wà níbẹ̀, a ò fọwọ́ kàn án." Ó ní ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í gbin igi, pé ẹni tó bá gbin igi ti fẹ́ gba ilẹ̀ nìyẹn. Mi ò dá a lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé kúrò lórí kókò mi. Ewé tíìkì tútù máa ń pa ọwọ́ láró. Ọwọ́ mi pọ́n bíi ti alápatà.

Owó wà nínú tíìkì, n ò ní purọ́. Oko tí ẹ ro fún àgbàdo, ẹ ti bá tíìkì ro ó. Ṣùgbọ́n bó bá fi máa tó ọdún 3, ewé á pàdé lókè, àgbàdo ò ní yọmọ mọ́. Ìnáwó ló kù: lílà ọ̀nà yí oko ká lọ́dọọdún kí iná igbó má bàa wọlé, títí igi á fi tó tà fún ọ̀pó. Ti pákó gidi ń fẹ́ bí 20 ọdún. Onílẹ̀ wo ló dá yín lójú pé á wà láyé dìgbà yẹn? Ẹ gba ìwé àdéhùn!

Nínú igbó ọba, wọ́n ń fún àgbẹ̀ láyè gbin oúnjẹ sáàárín igi ìjọba, àwọn kan sì ń dọ́gbọ́n pa igi kéékèèké kí òjìji má bàa lé wọn. Ẹ má bú wọn. Wọ́n mọ̀ pé igi ò ní jẹ́ tiwọn.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ fún mi pé òfin ìlò ilẹ̀ ọdún 1978 ti gbé ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Ṣé gómìnà ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ mi?

Àwọn àgbà dá sí i, mo gba ìdajì owó. Kùkùté tíìkì ń rú padà. Lọ́yà ti kọ ọ́ báyìí pé èmi ni mo nigi, àwọn ọmọ bàbá ló nilẹ̀, pẹ̀lú ìpín tiwọn lọ́jọ́ títà. Ẹ gba ìwé, kí gbogbo ọmọ onílẹ̀ fọwọ́ sí i, lọ́kùnrin lóbìnrin. Èyí tó ń gbé Ìbàdàn nínú wọn, èmi ni mo gbé ìwé lọ bá a nílé.