Afẹ́fẹ́ kì í purọ́, àbí?

Ọjọ́bọ̀. Òtútù mú. Ìpàdé láàárọ̀, ìrẹsì àná lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà ń ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ Baba Kọfí, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nípàdé, ni kò kúrò létí mi. Mo gbé máàpù Áfíríkà sójú ògiri, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀ níbi tí carbon ti ń jáde, ló bá ní: "Afẹ́fẹ́ kì í purọ́. Ọ̀dọ̀ yín ló ti ń wá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Afẹ́fẹ́ kì í purọ́. Ó dáa. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn CO2, gáàsì tó gbé carbon, lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní 1958, nǹkan bí 315 ló rí nínú mílíọ̀nù kan. Ó ti kọjá 420 báyìí. Ta ni yóò bá ìyẹn jiyàn? Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í sọ ilé tó ti jáde. Àwa là ń bá a sọ ọ́. A ó mú iye tí wọ́n ní igbó, òkun àti ìlú ń tú jáde tàbí ń fà mu, a ó kó o fún módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri, a ó wá wò ó bóyá ohun tó gbé débẹ̀ bá ohun tí ẹ̀rọ kà mu. Bí kò bá bá a mu ńkọ́? Ṣé ẹni tó ránṣẹ́ ló ṣì í sọ ni, àbí ìránṣẹ́, ìyẹn módẹ́ẹ̀lì, ló ṣì í jẹ́?

Ní 2007, Britton Stephens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwọ̀n tí bàálù ṣe lókè ibi 12 dán módẹ́ẹ̀lì 12 wò. Mẹ́ta péré ló ṣe dáadáa. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ohun tí ilẹ̀ àríwá ayé ń fà mu lọ sílẹ̀ láti bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù carbon 2.4 lọ́dún sí 1.5, ohun tí ilẹ̀ olóoru ń tú jáde sì já láti 1.8 sí 0.1. Ẹ gbọ́ ná: 1.8 di 0.1! Igi kan ò wó, igi kan ò hù. Afẹ́fẹ́ kan náà ni. Ìránṣẹ́ ni wọ́n pààrọ̀.

Báyìí ni mò ń rò ó títí dọ̀sán, inú mi ti ń dùn, àfi ìgbà tí mo rántí iṣẹ́ Paul Palmer àti àwọn tiẹ̀ ní 2019. Sátẹ́láìtì méjì, módẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì fẹnu kò: Áfíríkà olóoru tú bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 1.48 jáde ní 2015, 1.65 ní 2016. Ìwọ̀-oòrùn Ethiopia àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa ló sì pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Àbí a ò tíì rí i... Lásìkò òjò, ìkùukùu a bo ojú sátẹ́láìtì. Lásìkò ọyẹ́, eruku. Ibùdó tó wà nílẹ̀ kò sì tó nǹkan. Lamto wà ní Côte d'Ivoire, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní Jánúárì àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ débẹ̀, tó bá di Júlàì, orí òkun ni. Kí módẹ́ẹ̀lì ṣì í díẹ̀ péré, ẹ̀sùn ti yà sílé ẹlòmíràn nìyẹn.

Kí ló tilẹ̀ ń bí mi nínú? "Ọ̀dọ̀ yín" yẹn ni. Èédú, epo àti gáàsì ń tú nǹkan bí bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù carbon 10 jáde lọ́dún káàkiri ayé, n ò sì gbọ́ "ọ̀dọ̀ wa" lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ìpàdé yẹn.

Màámi pè lálẹ́ láti Ṣakí. Wọ́n ń jó igbó lẹ́yìn ilé, gbogbo aṣọ tí wọ́n sá ti dúdú. (Ẹ má sọ fún Baba Kọfí.) Mo ní, "Apá ibo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, Mà?"

"Ṣé o fẹ́ wá bá mi lé e padà ni? O ti jẹun?"

Mo ti fi ìṣirò kan náà sínú módẹ́ẹ̀lì kejì, èyí tó ń po afẹ́fẹ́ òkè mọ́ ti ilẹ̀ kíákíá. Á parí lọ́la. Tí máàpù rẹ̀ bá tún pọ́n, mo máa gbà. Tí kò bá pọ́n, ṣé mo máa gbà ìyẹn náà, àbí torí pé ó dùn mọ́ mi ni?